Ewu Tí Kò Ní Òórùn: Ẹ̀kọ́ Lórí Ààbò Àwọn Ọmọ Wa ní Ilé Ẹ̀kọ́

Ibi kíkà: Deuteronomi 22:8

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí ewu ṣe ń wọ ilé ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura, kí a lè mọ ọ̀nà tí a fi ń wá a rí kó tó ṣe ọṣẹ́, kí ẹgbẹ́ wa sì lè mọ ipa tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí gáàsì bá ń jò ní ilé ìdáná yín, kí ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún yín? Òórùn ni. Òórùn burúkú kan tó dà bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́ ni yóò gba gbogbo ilé. Ẹ ó sáré lọ pa gáàsì náà, ẹ ó ṣí fèrèsé, ẹ ó sì kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má ṣáná. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí gáàsì ṣe máa ń rùn nìyẹn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gáàsì tí a fi ń dáná kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn kankan fún ara rẹ̀. Ènìyàn ló ń fi òórùn náà sí i, kí imú wa lè bá wa ṣọ́ ohun tí ojú wa kò rí. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó mú kí èyí di òfin ni ikú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn tó lé ní 290, ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1937.

Nínú ibi kíkà wa, àṣẹ tí a pa fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ni pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, nítorí orí òrùlé ni wọ́n ti máa ń jókòó, tí wọ́n sì ti máa ń ṣe iṣẹ́ ilé. Bí ẹnìkan bá ti ibẹ̀ já bọ́, ọrùn onílé ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò ní kí a dúró dìgbà tí ẹnìkan bá já bọ́ kí a tó mọ odi. Ọjọ́ tí a kọ́ ilé gan-an ni kí a ti mọ ọ́n. Ohun tí a ń pè ní mímójú tó ewu kò ju èyí lọ: kí a rò ó tẹ́lẹ̀, kí a sì ṣe é tẹ́lẹ̀.

ÌTÀN KÌÍNÍ: NEW LONDON, 1937

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín ìlú sí àgbègbè ètò ẹ̀kọ́. Àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò sábà máa ń dìbò yàn. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, òun ló ń kọ́ ilé, òun náà ló sì ń ná owó orí tí àwọn onílé àti onílẹ̀ ń san fún ètò ẹ̀kọ́. Bí nǹkan bá dára, ìgbìmọ̀ la ó yìn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ náà la ó lọ.

New London wà ní apá ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ Texas. Ọdún 1930 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní agbègbè náà, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Láàárín ọdún díẹ̀, àgbègbè ètò ẹ̀kọ́ yìí di ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jùlọ láàárín àwọn ìletò Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan tó rẹwà, irin àti kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ọ. Orí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ ni ilé náà wà, nítorí náà àyè gbayawu kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ já. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà ti là á sílẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ooru omi láti inú ìkòkò ńlá kan mú ilé móoru ní ìgbà òtútù. Ìgbìmọ̀ kò tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ ìmóoru onígáàsì 72 ni wọ́n fi sí ìyàrá káàkiri.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1937, wọ́n tún wá ọ̀nà láti dín ìnáwó kù. Gáàsì kan wà tí àwọn elépo kà sí àṣẹ́kù, tí wọ́n ń dáná sun dànù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò náà ló máa ń já páìpù tiwọn mọ́ ti àwọn elépo láti máa lo gáàsì yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fòpin sí àdéhùn tí wọ́n bá ilé iṣẹ́ gáàsì ṣe, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ já páìpù mọ́ páìpù àṣẹ́kù náà. Owó tí wọ́n fi pa mọ́ kéré púpọ̀ sí ọrọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ibìkan jò. Gáàsì náà kò rùn, kò sì ní àwọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kún àyè tó wà lábẹ́ ilé. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí àwọn ọmọ ti ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ka ọ̀rọ̀ náà sí nǹkan bàbàrà. Ta ni kì í gbọ́ lẹ́nu ọmọdé pé orí ń fọ́ òun nígbà tí ìṣirò bá le?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ọdún 1937 ni. Wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní ìsinmi ọjọ́ kejì rẹ̀ nítorí ìdíje láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ìyá wà nínú ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá náà. Nǹkan bí agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 17, olùkọ́ kan tan ẹ̀rọ iná mànàmáná tí a fi ń fá pákó kó lè dán. Iná kékeré ta láti ibi tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà, gáàsì sì gbiná. Àwọn tó rí i sọ pé ṣe ni ògiri wú síta, òrùlé gbéra sókè, ó sì wó lulẹ̀ lé àwọn tó wà nínú ilé lórí. Ègé kọnkéré ńlá kan fò lọ jìnnà, ó sì run mọ́tò kan wómúwómú. Àwọn ìyá tó wà ní ìpàdé sáré jáde, wọ́n sì rí i pé ilé tí wọ́n fi ọmọ wọn sí ti di òkìtì. Ọwọ́ lásán ni àwọn kan fi ń wú òkúta títí àwọn òṣìṣẹ́ epo fi kó ẹ̀rọ dé, tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Ó lé ní 290 ọmọ àti olùkọ́ tó bá ìjàǹbá yìí lọ. Ọ̀gá àgbà tó ń darí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àgbègbè náà pàdánù ọmọ tirẹ̀ pàápàá. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Àwọn tó ṣe ìpinnu yìí kì í ṣe ìkà ènìyàn. Inú ilé kan náà ni wọ́n fi ọmọ wọn sí. Ìfẹ́ ọmọ wà lọ́kàn wọn, ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé, "Bí èyí bá jò ńkọ́, báwo ni a ó ṣe mọ̀?"

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ìjọba Texas ṣe òfin pé kí wọ́n máa fi ohun tó ń rùn sí gáàsì. Àwọn ìpínlẹ̀ àti orílẹ̀-èdè mìíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1937 yẹn kan náà, Texas tún ṣe òfin pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wù ú ló lè máa pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, tí ẹ sì tètè pa á, ẹ rántí pé àwọn ọmọ kan ló fi ẹ̀mí wọn ra òórùn náà fún wa.

ÌTÀN KEJÌ: CHICAGO, 1958

Ìtàn kejì kò gùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 1958, iná bẹ̀rẹ̀ nínú ohun ìdalẹ̀nù kan ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ Our Lady of the Angels ní Chicago, tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì. Ọmọ 92 àti obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn mẹ́ta tó ń kọ́ wọn ni wọ́n kú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Kí ló fa á tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ilé náà kò ní ẹ̀rọ tó máa ń da omi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iná bá ṣẹ́. Ní ìsàlẹ̀, ìlẹ̀kùn kan dí ẹnu àtẹ̀gùn, ó sì dá èéfín dúró. Ní òkè, kò sí ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà èéfín gba àtẹ̀gùn lọ bá àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí èéfín ààrò ṣe ń gba ihò rẹ̀ jáde. Agogo ìdágìrì ilé ẹ̀kọ́ náà kò já mọ́ ọ́fíìsì àwọn panápaná. Nígbà tí wọ́n ké sí wọn, àdírẹ́sì ilé àwọn àlùfáà ni wọ́n fún wọn, nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sáré lọ. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ gbé àkàbà sábẹ́ fèrèsé, géètì irin tí a tì pa ló pàdé wọn. Wọ́n ní láti fi agbára já a.

Èyí tó yẹ kó ká wa lára jùlọ ni pé àwọn aláṣẹ ti yẹ ilé náà wò ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ó sì yege. Ilé àtijọ́ ni, òfin tuntun lórí iná kò sì mú àwọn ilé àtijọ́. Ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́, ọmọ sì kú. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ohun tí òfin béèrè ni ìbẹ̀rẹ̀ ààbò, kì í ṣe òpin rẹ̀.

NÍ ILÉ TIWA NÍBÍ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta, ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kéékèèké kan wà lórí àjà òkè. Ènìyàn 20 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé ó kú, àwọn ọmọ sì wà nínú wọn. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn sọ lẹ́yìn náà pé a ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kò dára mọ́. Wọ́n rí ewu, wọ́n sàmì sí i, àmọ́ àwọn ọmọ ṣì ń gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ lójoojúmọ́. Àmì tí a kùn sára ògiri kò gba ọmọ là. Kíkó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ló ń gbà wọ́n là.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọdún 2024, wọ́n ṣe àríyá ọdún fún àwọn ọmọdé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Wọ́n ti kéde pé ọ̀fẹ́ ni, pé ẹ̀bùn wà. Èrò tó wá pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n ń ti ara wọn lẹ́nu géètì, ọmọ 35 sì kú. Èyí kan àwa obìnrin ìjọ gan-an, nítorí àwa náà máa ń ṣe àríyá fún ọmọdé ní ìparí ọdún, a sì máa ń dunnú bí èrò bá pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa: nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan ló ń pa ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ló ń kú lórí ìdúró, nítorí èrò fún wọn mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àyà wọn kò lè fẹ̀ láti mí. Ọmọdé, tí orí rẹ̀ kò ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, ni èyí sì ń kọ́kọ́ bá.

Èmi tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ yìí ti ṣe olùkọ́ rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, géètì kan ṣoṣo la ní, a sì máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì í kí àwọn ọmọ má baà sá jáde. Ní ọjọ́ kan, wáyà iná bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín nínú ọ́fíìsì. A kó àwọn ọmọ sáré lọ sí ẹnu géètì, a sì ń pe bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Bàbá ti lọ ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lójúde, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ olùkọ́ kan tó bu yanrìn da lé iná náà. Ìgbà tí ìtàn Chicago dé etí mi lẹ́yìn náà ni ara mi tó gbọ̀n. Nǹkan kan náà ni. Yanrìn ló yà wá sọ́tọ̀.

BÍ A ṢE Ń MÓJÚ TÓ EWU

Àwọn àgbègbè ètò ẹ̀kọ́ tó mọ iṣẹ́ wọn kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àkọsẹ̀bá. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ń gbé. Ìyá tó ń tọ́ ọmọ mọ gbogbo rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Èkíní, kí a wá ewu náà rí. A kì í jókòó sínú ọ́fíìsì wá a. A ó rìn yí ilé ẹ̀kọ́ ká, láti ẹnu géètì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a ó sì wo ibẹ̀ bí ọmọ ọdún márùn-ún ṣe ń wò ó. Kí ni ọwọ́ rẹ̀ lè tó? Inú kí ni ó lè já sí? Bákan náà, kí a bi àwọn ọmọ léèrè. Ẹ̀fọ́rí àwọn ọmọ New London ni àwọn àgbà ìbá fi mọ ohun tó ń bọ̀.

Èkejì, kí a wọn ewu náà. Ìbéèrè méjì péré ni: Ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ lóòrèkóòrè? Bí ó bá ṣẹlẹ̀, báwo ni yóò ṣe burú tó? Ọmọ tó fi orúnkún ha ilẹ̀ ní pápá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í pani. Kànga tí kò ní ìdérí lè wà fún ọdún mẹ́wàá láìsí ohun kan, àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń dúró dè. Kànga ni kí a kọ́kọ́ bójú tó. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀kẹta, kí a mú un kúrò, tàbí kí a dín in kù. Ó ní bí èyí ṣe tẹ̀ léra. Èyí tó dára jù ni kí a mú ewu náà kúrò pátápátá: kí a dí kànga tí a kò lò mọ́. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi ohun kan dá a dúró: ìdérí irin tí ọmọ kò lè gbé. Lẹ́yìn èyí ni òfin àti ìkìlọ̀ tó kàn. Ìkìlọ̀ nìkan ló rọrùn jù, òun náà ló sì lágbára kéré jù, nítorí ọmọdé ń gbàgbé. Bí a bá kọ "Ẹ má ṣe dé ibí" sára pákó níwájú ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà, ara wa là ń tàn.

Ẹ̀kẹrin, kí a fún ẹnìkan ní iṣẹ́ náà, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ gbogbo ènìyàn ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe. Ta ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ni èkejì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ni yóò ké sí àwọn panápaná, ṣé nọ́ńbà wọn wà lára ògiri, ṣé ẹni náà sì lè júwe ilé ẹ̀kọ́ dáadáa?

Ẹ̀karùn-ún, kí a ṣe àkọsílẹ̀, kí a sì tún padà lọ wò ó. Kí ìwé kan wà tí a ń kọ ìjàǹbá sí, àti èyí tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ fẹsẹ̀ kọ wáyà tí kò gbé e, ọjọ́ tí ọkọ̀ kù díẹ̀ kó gbá ọmọ ní ẹnu géètì. Ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ tí a rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá dúpẹ́ tán, kí a mú bírò.

Àwọn kan yóò sọ pé, "A ti san owó adójútòfò." Ó dára láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí adójútòfò lè san owó ilé tó jó. Ṣùgbọ́n kò sí adójútòfò tó lè dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

Ojú kan ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Àwa obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àwa là ń mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àwa là ń ta oúnjẹ ní ẹnu géètì, ọ̀pọ̀ nínú wa sì jẹ́ olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó ní ojú nínú ilé ẹ̀kọ́ tó àwa. Ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ilé ẹ̀kọ́ kan tó sún mọ́ ọn. Kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ gba àṣẹ, kí ẹ má ṣe lọ bí ọlọ́pàá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó bá rí i pé olùrànlọ́wọ́ lẹ jẹ́ yóò fi ibi tí ẹ kò mọ̀ hàn yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bá a wo àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Géètì àti ìlẹ̀kùn. Ṣé ọ̀nà àbájáde ju ẹyọ kan lọ? Ṣé ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn ń ṣí síta? Ìlẹ̀kùn tó ń ṣí sínú kò ṣeé ṣí mọ́ bí èrò bá ti fún mọ́ ọn láti inú. Ṣé irin fèrèsé ní ibì kan tó ṣeé ṣí láti inú?

2. Ilé fúnra rẹ̀. Ṣé ògiri ti là? Ṣé òpó ti tẹ̀? Ṣé wọ́n ń gbé àjà mìíràn lé ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò gbà á? Kì í ṣe àwa la ó dá ẹjọ́ èyí. Kí ẹ ní kí ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ wá wò ó, kí ẹ sì fi tó àwọn aláṣẹ ìjọba létí ní ìwé, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

3. Iná. Ṣé wáyà wà níta? Ibo ni wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀ sí? Ṣé yanrìn tàbí ohun èlò ìpaná wà níbi tí ọwọ́ tó? Ṣé wọ́n ti ṣe ìdánrawò rí, kí àwọn ọmọ jáde ní ìlà, kí olùkọ́ sì pe orúkọ wọn níta?

4. Omi àti ilẹ̀. Ṣé kànga, ṣaláńgá àti gọ́tà ní ìdérí tó lágbára?

5. Ojú ọ̀nà. Ta ló ń mú àwọn ọmọ kéékèèké sọdá títì? Ṣé ẹnikẹ́ni tó bá wá lè mú ọmọ lọ, àbí wọ́n ní orúkọ àwọn tí a fún láṣẹ?

6. Ìtọ́jú kíákíá. Ṣé àpótí ìtọ́jú wà, ṣé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ tí ó ń bàjẹ́, ṣé ẹnìkan sì mọ bí a ṣe ń lò ó?

Bí ẹ bá sì ń ṣe àríyá fún ọmọdé ní ìjọ tiwa, ẹ kọ́kọ́ ka iye tí àyè gbà, kí ẹ pín tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ju iye náà lọ, kí ẹ sì ṣí ju géètì kan lọ. Ẹ má ṣe pín ẹ̀bùn ní ojú kan. Ẹ lè kó o lọ bá àwọn ọmọ nínú kíláàsì wọn, tàbí kí wọ́n gbà á lórí ìjókòó. Kí ẹnìkan ní àṣẹ láti dá ètò náà dúró bí èrò bá ti pọ̀ jù, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú sí i.

Ní ti owó, a mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò lówó, bẹ́ẹ̀ ni ti aládàáni kò fẹ́ náwó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a kà yìí. New London ní owó, kò sì gba àwọn ọmọ là. Púpọ̀ nínú ohun tó yẹ kí a ṣe, ojú àti ẹnu ló ń ná wa. Kọ́kọ́rọ́ kejì kò wọ́n. Pákó tí a fi dé kànga kò wọ́n. Kí a gbọ́ nígbà tí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun, ọ̀fẹ́ ni.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ìtàn New London, ibo ni ẹnìkan ti lè dá ìjàǹbá náà dúró? Ẹ ka ó kéré tán mẹ́ta.

2. Kí ló dé tí ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò kò gba àwọn ọmọ Chicago là?

3. Ní Ìta Fájì, a ti sàmì sí ewu. Èwo nínú ìgbésẹ̀ márùn-ún ni kò wáyé?

4. Ewu wo lẹ ti rí ní ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò yín tí ẹ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni? Kí ló dí yín lọ́wọ́? Ta lẹ ó sọ fún, ní ọjọ́ wo?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ìròyìn ìbẹ̀wò wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀: ewu mélòó ni a rí, mélòó ni a ti mú kúrò, ta ni orúkọ rẹ̀ wà fún èyí tó kù.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ni àgbà ọjà yìí. Kí Olúwa fún wa ní ojú tó ń ríran, àti ẹnu tí kì í dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀.